Splitter wo ni kí ẹ gbé kọ́ òpó? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń fa fáíbà wọ àdúgbò ní Abẹ́òkúta

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò fáíbà láti ra splitter, ìyẹn ohun tó ń pín ìmọ́lẹ̀ okùn kan sí okùn púpọ̀, ohun tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, one-by-eight ni àbí one-by-sixteen?" Ó ń bi yín bóyá èyí tí okùn kan wọlé, tí mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún jáde, ni ẹ fẹ́. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí àwọn ilé tí ẹ fẹ́ fa okùn dé ṣe tò, kí ẹ sì mọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ní láti ná. Ẹni tó bá ti mọ méjèèjì kì í pẹ́ nídìí àtẹ. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè ra èyí tó wọ́n jù nínú ọjà, kí iná pupa ara ONU (ẹ̀rọ fáíbà inú ilé) oníbàárà rẹ̀ sì máa ṣẹ́jú títí.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tó ti mọ fáíbà splice (fífi iná lẹ fáíbà méjì pọ̀), tí wọ́n ti ní OLT (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà) tàbí tí wọ́n fẹ́ rà á, tí wọ́n sì fẹ́ máa ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àdúgbò kan tàbí méjì. Ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NCC àti àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ni òpó kò sí nínú ọ̀rọ̀ tòní, àmọ́ ẹ má gun òpó ẹlẹ́ni láìtíì gba àyè.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀

Splitter kì í lo iná. Àǹfààní ńlá nìyẹn nílùú tí NẸ́PÀ ti ń ṣe bó ṣe wù ú: láti yàrá OLT títí dé ilé oníbàárà, kò sí ohun kan lójú ọ̀nà tó ń fẹ́ bátìrì. Okùn kan wọ inú rẹ̀, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta jáde. Ó ń pín ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ OLT bọ̀, ó sì ń kó èyí tí àwọn ONU ń fi ránṣẹ́ padà jọ sójú okùn kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tó bá ń kó o jọ, kò sí àdánù. Àdánù wà níbẹ̀ o. Bí 1×8 bá gba 10.5 dB (dB ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣòfò) lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye yẹn náà ni yóò gbà lọ́wọ́ èyí tó ń bọ̀.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ba owó jẹ́. Ẹnì kan á fi media converter (ẹ̀rọ tó ń so okùn fáíbà mọ́ okùn Ethernet) méjì so ọ́fíìsì méjì pọ̀ ní Kútọ̀, á wá ra splitter kí ọ́fíìsì kẹta lè bá wọn lò ó. Kò ní ṣiṣẹ́. Lójú okùn PON, ìyẹn okùn kan tí OLT àti ọ̀pọ̀ ONU ń lò pọ̀ nípasẹ̀ splitter, OLT ló ń sọ fún ONU kọ̀ọ̀kan ìgbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ìyẹn ni wọn kì í fi í fọhùn lé ara wọn. Media converter kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá lo oríṣi PON kan, irú GPON, EPON tàbí XGS-PON, ẹ fi splitter sílẹ̀, ẹ wá switch rà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò náà

Lójú oníṣẹ́ fáíbà, ìlú mẹ́ta ló wà nínú Abẹ́òkúta, splitter wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Èkínní ni àwọn estate tí ìjọba tàbí aládàáni là sílẹ̀, irú Ìbarà Housing Estate àti àwọn apá ibì kan ní Òkè-Mọ́sàn. Títì wọn tọ́, ilé tò lẹ́sẹẹsẹ, ògiri àti géètì wà. Níbẹ̀, ẹ lè kó gbogbo pípín sójú kan: àpótí ńlá kan ní ẹnu estate, 1×32 kan tàbí méjì nínú rẹ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan sì ní okùn tirẹ̀ láti ibẹ̀. Okùn tí ẹ máa rà á pọ̀, ṣùgbọ́n ìyókù ìgbésí ayé yín á rọrùn. Tí oníbàárà bá pè pé íntánẹ́ẹ̀tì kú, àpótí kan ṣoṣo ni ẹ máa ṣí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú OLT (port) kọ̀ọ̀kan á kún dáadáa kí ẹ tó tan èyí tó tẹ̀ lé e.

Èkejì ni àárín ìlú àtijọ́: Aké, Ìtòkò, Ìkìjà, àti gbogbo ibi tó yí Olúmọ ká. Agbo ilé lórí àpáta, ọ̀nà tóóró tí ọ̀kadà pàápàá ń fi ìrora gbà, àtẹ̀gùn tí a gbẹ́ sára òkúta. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbẹ́ kòtò níbẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan òkúta Ẹ̀gbá rí. Orí òpó àti ara ògiri ni okùn máa gbà, okùn púpọ̀ lórí òpó kan sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí pípín lẹ́ẹ̀méjì fi dára jù níbẹ̀: 1×4 sí etí títì, okùn tín-ín-rín kan láti ibẹ̀ gun òkè lọ sí agbo ilé kọ̀ọ̀kan, 1×8 sí ẹnu agbo ilé náà. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́jọ, ilé méjìlélọ́gbọ̀n náà ni.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gbẹ́ títì gígùn. Àpẹẹrẹ tó dára jù ni láti Àsẹ́rò gba Ọbáńtokò lọ sí Káǹpù. Ilé epo, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ilé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tó kó ara wọn jọ, àyè ṣófo, àwọn ilé mìíràn. Ẹni tó bá gbé àpótí ńlá kan sójú kan níbẹ̀ máa ra okùn títí á sú u. Irú ọ̀nà yìí ló nílò splitter tí kì í pín dọ́gba. Mo máa padà sórí ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Hostel àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà FUNAAB ò wọ inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Ilé kan, yàrá ogún. 1×16 tàbí 1×32 sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó parí.

Bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: gígùn ọ̀nà, iye ibi tí ẹ máa ti splice, àti iye ilé. Nínú iye ilé, ẹ ya àwọn tó máa sanwó lóṣù yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ní "a máa wò ó". Bí ẹ bá fi máàpù orí fóònù wọn gígùn ọ̀nà, ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un ó kéré tán. Okùn kì í gba ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà, ó máa yí àpáta po, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ lọ́ sórí òpó de ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù máa fà á já.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ìmọ́lẹ̀

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì dọ́gba, 3 dB lọ. Ìṣirò inú ìwé nìyẹn. Splitter gidi máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí náà iye tí mo máa ń lò fún PLC (oríṣi splitter tó ń pín dọ́gba, mo máa ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta) nìyí:

1×2: 3.7 dB
1×4: 7.2 dB
1×8: 10.5 dB
1×16: 13.7 dB
1×32: 17 dB
1×64: 21 dB

Ẹ fi ti ìyókù kún un. Fáíbà G.652D tó wọ́pọ̀ máa ń gba nǹkan bí 0.35 dB ní kìlómítà kan lórí ìgbì 1310 nm (nm ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), àti nǹkan bí 0.25 lórí 1490. Splice kan, ẹ ka 0.1 sí i. Ojú kan tí connector méjì ti pàdé, ẹ ka 0.5 sí i, bó tiẹ̀ jẹ́ pé èyí tó mọ́ kì í tó bẹ́ẹ̀.

Nínú GPON, ìgbì 1490 ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ oníbàárà, 1310 ló ń gbé e padà. SFP OLT (ohun kékeré tó ń tú ìmọ́lẹ̀ jáde lójú OLT) tó wọ́pọ̀ jù ni class B+, èyí tó fún yín ní 28 dB láti ná láti ìparí dé ìparí. C+ fún yín ní 32. ONU lábẹ́ B+ lè gbọ́ ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ dé -27 dBm (dBm ni a fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lágbára tó). Tó bá sì mọ́lẹ̀ ju -8 dBm lọ, ojú á fọ́ ọ. Ẹ rántí pé nọ́ńbà tó bá súnmọ́ òdo ló mọ́lẹ̀ jù: -15 mọ́lẹ̀ ju -25 lọ.

Ká mú estate kan. Okùn láti yàrá OLT yín ní Òkè-Ìléwó dé ilé tó jìnnà jù jẹ́ kìlómítà 5. Splice mẹ́fà, ojú connector mẹ́rin, splitter 1×32 kan. Ẹ fi 1310 ṣe é, nítorí òun ló ń pàdánù jù:

Okùn: 5 × 0.35 = 1.75
Splice: 6 × 0.1 = 0.6
Connector: 4 × 0.5 = 2.0
Splitter: 17
Àpapọ̀: 21.35 dB

Tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 28, ó ku 6.65. Ẹ má ná an tán. 3 dB ni mo máa ń fi pamọ́ fún okùn tó máa já tí a máa tún splice, fún connector tó máa dọ̀tí, fún ọjọ́ ogbó ẹ̀rọ. Nítorí náà 1×32 dúró dáadáa níbẹ̀.

Ẹ wá gbé 1×64 sí ibì kan náà: 25.35 dB. Ó ku 2.65, kò tó 3 tí a fẹ́ fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ tan án, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́, ẹ óò sì rò pé mo kàn ń dẹ́rù bà yín ni. Lẹ́yìn ọdún kan, tí wọ́n ti já okùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ óò rí i. Bí ẹ bá fẹ́ 1×64 dandan, ẹ ra SFP C+.

Ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni pípín ń jẹ. GPON ń gbé nǹkan bí 2.5 Gbps lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà lójú kan. Bí méjìlélọ́gbọ̀n bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bí 78 Mbps ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta bá fà á, 39. Gbogbo wọn kì í fà á lẹ́ẹ̀kan náà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà súnmọ́ ọn.

Ẹ wo apá kejì náà. Ẹni tó bá gbé 1×4 kan ṣoṣo síbi tí kò jìnnà sí OLT máa rí wàhálà tí kò retí. OLT ń tú +5 dBm jáde, splitter gba 7.2, okùn àti connector gba 1.5: -3.7 dBm ló dé ojú ONU. Ó ti kọjá -8. Ẹ fi attenuator (ohun tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) sí i, tàbí kí ẹ lo splitter tó ń pín jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ (ẹnu ìjáde splitter) tó kù pamọ́ de oníbàárà tuntun. Èyí kejì ló mọ́gbọ́n wá jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: FBT àbí PLC

Oríṣi méjì ló wà lórí àtẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n ló sì fa gbogbo ìyàtọ̀ wọn.

Ti FBT, wọ́n á bó fáíbà méjì, wọ́n á tò wọ́n ti ara wọn, wọ́n á fi iná gbígbóná rọ̀ wọ́n, wọ́n á sì máa fà wọ́n títí inú méjèèjì yóò fi tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ á máa ré kọjá láti inú ọ̀kan sí èkejì. Ibi tí ẹni tó ń fà á bá dúró ló máa pinnu iye tó ré kọjá. Ìyẹn ló fi lè ṣe 50/50, ó lè ṣe 10/90, ó lè ṣe 30/70. Àmọ́ iye tó ń ré kọjá máa ń yí padà bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá yí padà, nítorí náà wọ́n máa ń kọ ìgbì tí wọ́n ṣe é fún sí i lára: 1310, 1490, 1550. Tí ẹ bá sì rí FBT 1×8, méjì-méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú àpótí títí ó fi di mẹ́jọ, ìyàtọ̀ kékeré ti ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì ti gorí ara wọn. Ẹsẹ̀ kan lè mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ gan-an.

PLC ní tirẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ya ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ sí nínú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe chip kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì lẹ fáíbà mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn. Ó ń pín dọ́gba, ó sì ń ṣe bákan náà láti 1260 dé 1650 nm.

Kí ló kàn yín nínú ìyẹn? Ohun méjì. XGS-PON ń lo 1577 láti lọ àti 1270 láti padà, ìgbì méjèèjì sì lè bọ́ sí òde ibi tí wọ́n ṣe FBT fún. Bí ẹ bá gbé PLC kọ́ lónìí, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gòkè láti GPON, OLT àti ONU nìkan ni ẹ máa pààrọ̀. Ohun tó wà lórí òpó á dúró síbẹ̀. Èkejì, OTDR (ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí okùn ti bàjẹ́ hàn) tí wọ́n fi ń yẹ okùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wò máa ń lo 1625 tàbí 1650. Lórí FBT, ohun tó bá fi hàn yín níbẹ̀ lè má bá òótọ́ mu.

Ooru náà wà ńbẹ̀. Ìwé FBT púpọ̀ máa ń sọ pé láti -5 dé 75°C, ti PLC láti -40 dé 85. Òtútù kò kàn wá. Àpótí dúdú tí a tì pa, tó kọ́ sórí òpó ní Lafẹ́ńwá nínú oòrùn oṣù kẹta, ìyẹn ló kàn wá, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kí àyè wà láàárín ooru gidi àti òpin tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Ìdájọ́ tèmi: fún pípín dọ́gba láti mẹ́rin sókè, PLC, kò sí àríyànjiyàn. FBT 1×8 lè dín owó díẹ̀ kù, ṣùgbọ́n owó tí ẹ máa fi san ẹni tó máa gun òpó lẹ́ẹ̀kejì ju ìyẹn lọ. Ibi tí FBT ṣì ti jẹ́ ọ̀gá ni pípín tí kò dọ́gba, àti 1/99 tí wọ́n fi ń yọ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láti máa ṣọ́ okùn ńlá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: splitter tí kò dọ́gba fún ẹ̀gbẹ́ títì

Ẹ wo páìpù omi kan tó gba iwájú ilé mẹ́wàá kọjá. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣí ẹ̀rọ tirẹ̀ gbayawu, ẹni ìkẹwàá kò ní rí omi wẹ̀. Ẹni tó wà níwájú ni kí ẹ fún ní díẹ̀, kí ẹ sì máa fi kún un bí ẹ ṣe ń lọ.

Iye tí ẹ máa lò nínú ìṣirò: 10/90 máa ń gba nǹkan bí 11 dB lẹ́sẹ̀ kékeré, 0.7 lẹ́sẹ̀ ńlá. 20/80 gba 7.5 àti 1.2. 30/70 gba 5.8 àti 1.9. Ẹ wo ìwé tó bá èyí tí ẹ rà wá, kí ẹ fi iye tirẹ̀ rọ́pò tèmi.

Ká ní ẹ ń lọ láti Àsẹ́rò sọ́nà Káǹpù, ibùdó márùn-ún, ibùdó kọ̀ọ̀kan ní PLC 1×8 kan. OLT ń tú +3 dBm. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti rin kìlómítà 3, tó sì gba ojú connector méjì kọjá, +1.25 ló dé ibùdó kìíní. Láàárín ibùdó méjì, ẹ ka 0.3 dB fún okùn àti splice. Láti 1×8 wọ ilé oníbàárà, ẹ ka 1 dB.

Ibùdó kìíní, ẹ fi 10/90 síbẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré lọ sínú 1×8: 1.25 − 11 − 10.5 − 1 = -21.25 dBm nínú ilé. Ẹsẹ̀ ńlá ń lọ síwájú, +0.25 ló dé ibùdó kejì.

Ibùdó kejì, 20/80: -18.75 nínú ilé, -1.25 lọ síwájú.

Ibùdó kẹta, 20/80 náà: -20.25 nínú ilé, -2.75 lọ síwájú.

Ibùdó kẹrin, 30/70: -20.05 nínú ilé, -4.95 lọ síwájú.

Ibùdó karùn-ún ni òpin, 1×8 nìkan, kò sí FBT níwájú rẹ̀: -16.45.

Àyè ogójì ilé, ojú OLT kan, okùn kan ṣoṣo lójú títì. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ jù wà ní -21.25, ó sì jìnnà sí -27. Lórí 1310 ẹ óò pàdánù díẹ̀ sí i, 0.3 péré, nítorí náà 3 dB tí a fi pamọ́ ṣì wà.

Ẹ wo bí ibùdó kejì àti ẹ̀kẹta ṣe jẹ́ oríṣi kan náà. Kò sí òfin pé kí gbogbo ibùdó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ máa tún ìṣirò yìí ṣe lórí ìwé títí gbogbo ilé á fi bọ́ sáàárín -15 àti -23. Ó máa ń gbà tó wákàtí kan.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ohun tó bá ṣe ibùdó kìíní ṣe gbogbo wọn. Èkejì sì ni ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé síra. Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá fi ẹsẹ̀ ńlá ti ibùdó kìíní sínú 1×8, tó sì fi ẹsẹ̀ kékeré ránṣẹ́ síwájú, àwọn ará ibùdó kìíní á ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, ibùdó kejì á wá bọ́ sí nǹkan bí -29, ONU wọn á sì máa wá OLT kiri. Kí ẹ tó ti àpótí pa, ẹ fi power meter wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ okùn. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kùn tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ara rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀

Splitter kan náà lè wà nínú aṣọ oríṣiríṣi. Èyí tó dà bí irin kékeré tín-ín-rín, tí okùn rẹ̀ kò ní connector, ni ẹ máa splice sínú closure (àpótí tí a ń kó splice sí). Ó kéré, kò gba àyè, òun sì ni mo fẹ́ràn jù fún 1×4 etí títì àti fún FBT ojú ọ̀nà, nítorí ojú connector kọ̀ọ̀kan tí ẹ yẹra fún jẹ́ ìdajì dB tó padà wá sọ́wọ́ yín. Àpótí ABS onírọ́bà líle wà fún inú àpótí míì. Kò lè dá dúró nínú òjò, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Ti LGX máa ń wọ inú férémù bíi káàdì, ti rack sì wà fún yàrá OLT. Fún àpótí ẹnu agbo ilé, ẹ ra 1×8 tó ti ní connector lẹ́nu, nítorí oníbàárà á máa wọlé, á máa jáde, kò sì yẹ kí ẹ máa gbé splice machine gun òkè Ìtòkò torí ẹnì kan.

Fún connector, SC/APC ni, èyí aláwọ̀ ewé. Wọ́n gé ojú rẹ̀ dagun níwọ̀n 8 degree, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà má baà padà sọ́dọ̀ OLT. Ẹsẹ̀ splitter tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò kò ní yọ yín lẹ́nu tó bá jẹ́ APC. Tó bá jẹ́ UPC aláwọ̀ búlúù, ojú rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ máa ta ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ má sì fi ewé bọ búlúù láéláé. Ó máa wọlé, ó máa dún "kọ́", àmọ́ ojú méjèèjì ò ní fara kanra dáadáa, dB máa ṣòfò.

Oríṣi 2×8 tàbí 2×32 tún wà, tí okùn méjì ń wọlé sí. Bí ẹ bá ní ilé-ìwòsàn tàbí báńkì lára oníbàárà yín, okùn kan lè gba ọ̀nà Pánṣẹ́kẹ́, èkejì gba ọ̀nà míì, kí ìjọba máa tún títì ṣe bó ti wù wọ́n. OLT yín gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ o.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nílẹ̀, kí ó tó gun òkè

Ẹ má fi ojú wo ẹnu fáíbà tó ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ PON kì í hàn sí ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́.

Ohun tí ẹ nílò ni light source tó ní 1310 àti 1550, power meter, patch cord méjì, àti ohun ìfọ̀nu connector. Ẹ fi patch cord so source mọ́ meter, ẹ tẹ bọ́tìnì reference kó di òdo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé splitter sáàárín, ẹ wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìgbì méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni mẹ́ta. Kí ẹsẹ̀ kankan má gba ju iye tó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ. Kí ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ tó dára jù àti èyí tó burú jù má ju bí 1 dB lọ fún 1×8, àti bí 1.7 fún 1×32. Kí 1310 àti 1550 súnmọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá jìnnà síra gan-an lára ohun tí wọ́n tà fún yín bíi PLC, ẹ gbé e padà fún ọlọ́jà.

Nípa ìwé: splitter gidi máa ń bá ìwé àyẹ̀wò rìn, nọ́ńbà tó wà lára ìwé á sì bá èyí tó wà lára splitter mu. Nígbà tí ẹ bá ń rà, ẹ lè béèrè bóyá wọ́n ti dán an wò lábẹ́ Telcordia GR-1209 àti GR-1221, ìlànà méjì tí wọ́n fi ń wọn irú ohun èlò báyìí. Ọlọ́jà tí kò gbọ́ ọ rí kì í ṣe olè dandan, àmọ́ ẹ wọn gbogbo ẹsẹ̀ tirẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ kan bá burú, ẹ kọ́kọ́ nu ún. Èruku ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: gbígbé e kọ́

Àpótí tó wà níta gbọ́dọ̀ jẹ́ IP65 (ìwọ̀n bí àpótí ṣe ń dènà èruku àti omi) ó kéré tán. Closure tó wà nínú kòtò tàbí tí omi lè bò, IP68. Ẹ jẹ́ kí ẹnu tí okùn gbà wọlé kọjú sí ilẹ̀. Ẹ lọ́ okùn inú àpótí ní òbìrí tó fẹ̀: G.657A2 lè fara da ìlọ́po tí rádíọ́ọ̀sì rẹ̀ kéré dé mílímítà 7.5, ṣùgbọ́n G.652 tó ti òpó wọlé ń fẹ́ 30, òun ló sì máa ń ṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ kù láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Bí òjìji bá wà ní apá kan òpó, ẹ gbé àpótí sí apá ibẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú inki tí oòrùn kò lè pa. Ẹ kọ iye dBm tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé e kọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ti ilé oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ọjọ́ yẹn ni ẹ máa fi mọ̀ bóyá -22 tí ẹ rí lónìí ti wà bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ ni, tàbí ohun kan ti ṣẹlẹ̀. Nínú 1×8 kan, ẹ fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láìtà. Tí ẹsẹ̀ kan bá kú, ẹ óò gbé oníbàárà yẹn sórí rẹ̀ kí iṣẹ́ má dúró, kí ẹ tó wá àyè pààrọ̀ splitter.

Lọ́jọ́ tí okùn bá já, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí OTDR máa fi hàn yín láti yàrá OLT. Láti ibẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ splitter máa gorí ara wọn lójú ẹ̀rọ náà, ẹ ò sì ní mọ èyí tó já. Ilé oníbàárà tó ń ké ni kí ẹ lọ, kí ẹ yọ okùn lára ONU rẹ̀, kí ẹ sì ta OTDR sókè láti ibẹ̀ sọ́nà splitter. Lórí 1625 tàbí 1650, pẹ̀lú filter, bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá ṣì ń lo tiwọn lọ́wọ́.